Ẹsẹ̀ Òsì tí Ṣòkòtò Kọ̀

Ní Jímọ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀dọ́bìnrin kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, níbi tí a ti ń wá bàtà wa. Ó ní ẹnìkan ti sọ fún òun pé irú àìsàn tó ṣe mí ni dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ó ń ṣe òun: ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò béèrè oògùn tí mo lò. Ohun tó béèrè ni pé, "Àǹtí, ṣé èèyàn máa ń kú níbẹ̀?" Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, èèyàn máa ń kú níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi rèé, mo dúró níwájú rẹ̀, mo ń wá bàtà. Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó sunkún. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe jókòó láti kọ èyí, àti nítorí àwọn tí ó ń ṣe, tí wọn kò sì tíì mọ̀. N óò to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. N kò ní fi èyí tó ń tì mí lójú pamọ́, nítorí èyí tó ń tì mí lójú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ọmọ Ìwó ni ìyá mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ránṣọ ní Hillbrow, àdúgbò kan ní ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ti ń sọ isiZulu, nínú yàrá kan tó dojú kọ òpópónà, tí òun àti ẹ̀rọ ìránṣọ méjì jọ ń pín. Ìyá Kàmọ́rù ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Midrand. Ó ní ìwé ńlá kan tó ń kọ ìwọ̀n ara àwọn oníbàárà rẹ̀ sí, ojú ewé kan nínú ìwé náà sì jẹ́ tèmi láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó ní òfin kan tó ń tẹ̀lé nínú iṣẹ́ rẹ̀: aránṣọ gidi kì í bá ara oníbàárà jiyàn. Bí aṣọ kò bá gba ara, aṣọ ló jẹ̀bi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òfin yìí sọ́kàn.

Èmi ní tèmi, iṣẹ́ ìwádìí lórí àwọn lẹ́tà àtijọ́ ni mo ń ṣe ní yunifásítì, fún oyè ọ̀mọ̀wé. Iṣẹ́ náà ti kọ́ mi láti fara balẹ̀ wo nǹkan. Bí tàdáwà ṣe ràn lára ìwé, ibi tí wọ́n ti ká ìwé po, ibi tí ọwọ́ òǹkọ̀wé ti gbọ̀n, gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọjọ́ mẹ́tàlá, ẹsẹ̀ mi ń kọ lẹ́tà sí mi, n kò sì kà á.

Mo ga, mo sì máa ń fò. Ìdí nìyí tí mo fi di ọ̀gá ikọ̀ fọ́líbọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ilé ẹ̀kọ́ wa. Apá òsì àwọ̀n ni mo máa ń dúró sí. Lerato ló máa ń gbé bọ́ọ̀lù sókè fún mi, èmi á fò, èmi á lù ú sílẹ̀ ní òdì kejì. Ní ọdún náà, ikọ̀ wa wọ ìdíje àṣekágbá fún ìgbà àkọ́kọ́, ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ mẹ́jọ tó ta yọ nínú líìgì. Durban ni wọn yóò ti gbá a, ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀. Èmi ni mo dàgbà jù nínú wọn, ọdún yẹn sì ni òfin fi àyè gbà mí kẹ́yìn. Bí n kò bá gbá bọ́ọ̀lù náà, n kò tún ní gbá irú rẹ̀ mọ́ láyé. Ohun tí mo ń gbé kiri nínú ọkàn mi nìyí ní gbogbo ọjọ́ tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ìtìjú náà. Àwọn obìnrin Mùsùlùmí tó bá ń kà á yóò mọ̀ ọ́n, bí wọn kò tilẹ̀ ní sọ ọ́. Àwọn kan nínú wa máa ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí nǹkan oṣù wá, kí wọ́n lè gba ọgbọ̀n ọjọ́ ààwẹ̀ pé, kí wọ́n má baà san ọjọ́ kankan padà. Mo ti lò ó ní ọdún méjì ṣáájú, kò ṣe mí ní nǹkankan. Ọwọ́ obìnrin kan tó ń ta ìpara àti oògùn ní Hillbrow ni mo ti ń rà á; kò sí dókítà tó mọ̀ sí i. Ìyá mi kò fẹ́ràn àṣà náà rárá. Nígbà kan tí wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní, "Àyè tí Ọlọ́run fi gbà ọ́, o fẹ́ dá a padà fún Un? Ìwọ wá mọ̀ ju Ẹni tó dá ọ lọ?" Nítorí náà n kò sọ fún un. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, nígbà tí ààwẹ̀ ku ọjọ́ díẹ̀ kó parí, mo ṣírò oṣù mi, mo rí i pé ọ̀sẹ̀ Durban gan-an ni yóò bọ́ sí. Oṣù mi kì í wá ní ìrọ̀rùn. Ó máa ń dá mi wólẹ̀ ni. Mo bá ní kí n má dá oògùn náà dúró, ó di ẹ̀yìn Durban.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ààwẹ̀, a lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Bloemfontein. Wákàtí márùn-ún ni mo fi jókòó nínú bọ́ọ̀sì ní àlọ, márùn-ún ní àbọ̀, láìmu omi. Àpò bọ́ọ̀lù àti àwọ̀n ti gba ilẹ̀ iwájú ìjókòó mi, mo sì ká ẹsẹ̀ òsì sábẹ́ ara mi ní gbogbo ọ̀nà. Kì í ṣe ààwẹ̀ ló dá àìsàn náà sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ mi gbé irú ìyẹn kiri. Ohun púpọ̀ ló kóra jọ, dókítà sì ṣàlàyé wọn fún mi nígbà tó yá.

Ní ọjọ́ kejì tí a dé, ẹ̀yìn ojúgun òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Mo pè é ní pajápajá. Ṣùgbọ́n pajápajá máa ń mú ni, á sì tú ni sílẹ̀. Èyí kò tú mi sílẹ̀. Ńṣe ló ń ro mí wúwúwú bí eyín tó jẹrà, bí mo bá sì tẹ̀ ẹ́, ó gbóná ju ẹsẹ̀ kejì lọ. Ìgbáradì ò dúró. Kóòṣì wa, Nomvula, obìnrin Zulu kan tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, fún mi ní yìnyín láti fi lé e. Lerato ní tirẹ̀ rí i pé n kò fò tó bí mo ṣe ń fò tẹ́lẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni àwa méjèèjì ń sọ, àmọ́ Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ síbí.

Ó ní, "Prof, ṣé ẹsẹ̀ yẹn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí ni? Ó ń ronú kó tó gbéra."

Mo ní, "Gbé bọ́ọ̀lù sókè, jàre. Bọ́ọ̀lù tìrẹ ló ti rẹlẹ̀."

"Eish! Bọ́ọ̀lù tí mò ń gbé fún ọ láti ọdún mẹ́ta?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo sì rọra yí padà kí wọ́n má baà rí ojú mi.

Ṣòkòtò péńpé ni àwọn yòókù fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Èmi máa ń wọ ṣòkòtò gígùn, ìyá mi ló sì máa ń rán an ní àwọ̀ ikọ̀ wa. Ó ti rán tuntun fún Durban, ewé tútù tó dúdú díẹ̀, aṣọ tó máa ń fà. Orí ìwọ̀n tó wà nínú ìwé rẹ̀ ló gé e lé. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọdún Ìtúnu, mo wọ̀ ọ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé. Ẹsẹ̀ òsì dé ìsàlẹ̀ orúnkún, ó dúró. Nígbà tí mo fi agbára fà á gòkè, ojú rírán náà wọ inú ẹran mi.

Ìyá mi yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Àwọn ẹlòmíràn ń gbààwẹ̀, wọ́n ń rù, ẹsẹ̀ tìrẹ ń gbààwẹ̀, ó ń sanra. Ṣé òun nìkan ló ń jẹ sààrì ni?"

Àwọn oníbàárà méjì tó jókòó rẹ́rìn-ín títí.

"Mọ́mì, ó fún mi."

"Mo rí i. Èmi ni mo gé e kù. Ojú ń dà mí ni, àgbà ti dé. Bọ́ ọ."

Ó mú abẹ́, ó tú ojú rírán òsì láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì fi íǹṣì kan kún un. Ó ṣe é dáadáa tó fi jẹ́ pé ojú kò lè mọ̀ pé wọ́n tú u rí. Mo tún un wọ̀, ó gbà mí. Inú àwa méjèèjì dùn. Téèpù wà lọ́rùn rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. Kò wọn ẹsẹ̀ mi, èmi náà kò sì ní kó wọ̀n ọ́n.

Nígbà tí a délé ló wá rí i pé mò ń tiro. Ó gbé ẹsẹ̀ mi lé orí itan rẹ̀, ó ní iṣan ló fà, ó ní wọ́n máa ń wọ́ irú rẹ̀ fún àwọn tó ń jó àti àwọn tó ń jìjàkadì nílé. Ó yọ́ òrí, ó pò ó mọ́ àbóníkí, ó sì fi wọ́ mi lẹ́sẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀ gòkè lọ sí orúnkún, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó ń tì í sókè. Ọwọ́ aránṣọ lágbára. Ó ń dùn mí, ó sì ń tù mí lára, nítorí pé ọwọ́ ìyá mi ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé bí ẹ̀jẹ̀ bá dì sínú ẹsẹ̀, a kì í tẹ̀ ẹ́, a kì í wọ́ ọ, a kì í ti ohunkóhun sókè.

Ọdún Ìtúnu bọ́ sí ọjọ́ kejì tó ti ń wọ́ ọ. Mo kírun ní pápá, mo sì pe Lerato wá jẹun nílé. Àjà keje ni à ń gbé, ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn ròkè sì ti bàjẹ́ láti ìgbà pípẹ́. Mo ti máa ń fi ẹsẹ̀ gùn ún bí ẹni ń ṣeré. Ní ọjọ́ náà, mo dúró ní àjà kẹrin. Èémí mi kò tó mi. Nígbà tí mo gbìyànjú láti mí kanlẹ̀, nǹkan kan gún mi lábẹ́ egungun ìhà bí abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ sínú aṣọ. Lerato wẹ̀yìn, kò rí mi, ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi.

"Prof. Kí ló ṣe ọ́?"

"Oúnjẹ ọdún ni. Mo yó jù."

"A ò tíì jẹun."

Ó wo ojú mi, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní òun máa sọ fún Kóòṣì. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní bó bá sọ ọ́, wọn yóò yọ mí kúrò nínú ikọ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ ní orúkọ ọdún mẹ́ta tí a ti jọ wà. Ó fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé òun kò ní sọ, bí mo bá lè lọ sí kílíníìkì. Mo gbà.

Ní ọjọ́ kẹta ọdún, èmi àti ìyá mi ti wà ní ìlà kílíníìkì kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ìlà náà ti yí ògiri ká. Lẹ́nu géètì, àwọn kan tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀ dúró, wọ́n ń béèrè ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ bá jọ ti àlejò, wọ́n ní kílíníìkì náà kì í ṣe ti àjèjì. Wọ́n dá ọkùnrin kan padà níwájú wa, òun àti ọmọ tó gbé dání. Ẹ̀rù bà mí gidigidi, kì í ṣe ti àìsàn nígbà náà, ti géètì ni. Nígbà tó kàn wá, ìyá mi fi isiZulu rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù kí wọn, ó bi ọ̀kan nínú wọn bóyá kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni òun rán yẹ̀rì ìgbéyàwó fún. Òun ni lóòótọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wolẹ̀, ó yà fún wa.

Ọ̀sán ti ń pọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì pè mí. Ó ti rẹ òun náà. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi, ó bi mí pé, "Ṣé oògùn kankan wà tí ò ń lò?"

Ìyá mi dáhùn kí n tó la ẹnu. "Rárá o. Ọmọ mi kì í lo oògùn. Eléré ìdárayá ni."

Nọ́ọ̀sì wò mí. Ó ń dúró de èsì lẹ́nu mi.

Mo mi orí pé rárá.

N kò sì sọ nípa èémí mi, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, wọn yóò dá mi dúró. Ó kọ oògùn ara ríro fún mi, ó ní kí n sinmi, kí n padà wá bó bá wú sí i. N kò dá obìnrin náà lẹ́bi. Èmi tí mo ń bá àwọn òkú òǹkọ̀wé jà pé wọn kò sọ òtítọ́ inú lẹ́tà wọn tán, mo jókòó níwájú alààyè, mo sì fi irọ́ sí àkọsílẹ̀ ara mi.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ìgbáradì tó kẹ́yìn kí a tó lọ sí Durban. Àyà mi ti ń lù kìkìkì láti àárọ̀, kódà nígbà tí mo jókòó. Mo wọ ṣòkòtò tuntun náà. Lerato gbé bọ́ọ̀lù kan sókè fún mi, bọ́ọ̀lù tó dára jù lọ tó ti gbé fún mi rí, ó rọra ń yí lókè àwọ̀n bí ẹni ń dúró dè mí. Mo fò. Mo lù ú. Mo rántí bó ṣe dún nílẹ̀ lódì kejì. Nígbà tí mo balẹ̀, afẹ́fẹ́ ti tán nínú gbọ̀ngàn náà. Bó ṣe rí lára mi nìyẹn: pé ẹnìkan ti kó afẹ́fẹ́ jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo la ẹnu, kò sí ohun tó wọlé. Mo ṣubú lulẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ kẹ́yìn ni ohùn Lerato tó ń ké pe Kóòṣì, tó ń sọ ohun gbogbo tó ti bá mi pa mọ́, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kóòṣì kò dúró de ọkọ̀ aláìsàn. Inú ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ mi sí, orí mi lórí itan Lerato. Mo ń rí róbọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan lójú fèrèsé bí a ṣe ń dé ibẹ̀, pupa, pupa, Kóòṣì ò sì dúró fún ọ̀kankan. Ó ń sọ̀rọ̀ láìwẹ̀yìn. "Má sùn, Aṣíátù. Mo ní má sùn. Ẹni tó bá sùn nínú ọkọ̀ mi, òun ló máa fọ̀ ọ́." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò sí èémí tí mo lè fi rín in. Ní ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ mọ̀ dájú pé mo lè kú, lónìí, nínú ọkọ̀ tó ń rùn bí bàtà eré, láìtíì parí ohunkóhun. Mo ka kálímọ̀ sínú.

Ìlà wà ní ilé ìwòsàn náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ètè mi ti yí àwọ̀ padà, wọ́n sì tì mí kọjá gbogbo wọn. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí mi nímú. Nígbà tí ìyá mi dé, téèpù rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú mi kéré, kò lè jù mí lọ. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó bi mí ní ìbéèrè kan náà tí nọ́ọ̀sì bi mí: oògùn wo ni mò ń lò?

Ìyá mi tún ti la ẹnu. Mo gbé ọwọ́ sókè sí i. N kò ṣe irú rẹ̀ sí i rí láyé mi.

Mo ní, "Mò ń lo oògùn tó ń dá nǹkan oṣù dúró. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún."

Ìyá mi kò wò mí. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi ìka kan ojú àtàǹpàkò tó ṣì hàn lára ẹsẹ̀ mi, ó bi wá jẹ́jẹ́ pé, "Ta ló ń wọ́ ọ?"

Ìyá mi na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. "Èmi ni."

Dókítà kò jágbe mọ́ ọn. Ó ṣàlàyé fún wa pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan ẹsẹ̀ mi bí ẹ̀kọ ṣe ń dì nínú abọ́. Pé ó ṣeé ṣe kí oògùn náà ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ìjókòó gígùn àti òùngbẹ sì kún un. Pé nǹkan kan ti já nínú rẹ̀, ó ti gòkè gba inú ọkàn kọjá, ó sì ti lọ dí ọ̀nà nínú ẹ̀dọ̀fóóró mi. Mo béèrè bóyá wíwọ́ náà ló já a. Ó ní ó lè jẹ́ òun, ó lè jẹ́ fífò mi, kò sí ẹni tó lè mọ̀. "Bí èyí tó já bá tóbi ju báyìí lọ," ó ní, "ìwọ kọ́ ni à bá máa bá sọ̀rọ̀." Ìyá mi wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ń nù wọ́n mọ́ ìró rẹ̀, ó ń nù wọ́n, kò sì sí ohun tó wà lára wọn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò níbẹ̀. Wọ́n ń gún mi lábẹ́rẹ́ níkùn kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí i. Ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ kò jọ ẹ̀rù tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù kìnnìún, ènìyàn lè sá. Ẹ̀rù olè, ènìyàn lè ti ilẹ̀kùn. Èyí wà nínú ẹsẹ̀ mi, ó ń gbé pẹ̀lú mi. Bí mo bá yí ẹ̀gbẹ́ padà, mo ń rò ó pé òun náà ti yí padà. Mo ń ka èémí mi. Bí mo bá sùn díẹ̀, mo ń ta jí láti wò bóyá mo ṣì ń mí.

Ìyá mi ń wá lójoojúmọ́. Ó ń bọ́ mi, ó ń di irun mi, ó ń ka Yásíìn. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi. Bí aṣọ ìbora bá ṣí kúrò lórí rẹ̀, nọ́ọ̀sì ló máa ń pè. Ní ọjọ́ karùn-ún mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí oògùn yẹn jì mí." Ó ní, "Ìwọ fi oògùn pamọ́ fún mi. Èmi ní tèmi, ẹsẹ̀ ọmọ mi wú lójú mi, mo lọ ń tú ṣòkòtò. Ta ni kó dárí ji ta?"

Ní ọjọ́ kẹfà ni ìdíje Durban bẹ̀rẹ̀. Lerato pè mí láti ibẹ̀. Ariwo gbọ̀ngàn kún etí mi.

Ó ní, "Wọ́n ti lù wá o, Prof. Wọ́n lù wá bí aṣọ òfì."

Mo mọ ibi tó ti gbọ́ nípa aṣọ òfì. Lọ́dọ̀ ìyá mi ni.

Mo ní, "Nítorí pé n kò sí níbẹ̀."

"Rárá, nítorí pé wọ́n mọ̀ ọ́n gbá. Má gbéra ga lórí ibùsùn." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó yẹ kí n ti sọ fún Kóòṣì ní ọjọ́ ọdún yẹn. Mi ò tún ní bá ẹnikẹ́ni pa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́, ìbáà jẹ́ ìwọ."

Mo ti gbé ìdíje náà sínú ju ẹ̀mí mi lọ. Nígbà tí ó wá parí láìsí mi, ó parí ní ìṣẹ́jú márùn-ún lórí fóònù, mo sì rí i bí ó ti kéré tó.

Nígbà tí mo padà sílé, ewu kejì ń dúró dè mí. Oògùn tí wọ́n fún mi ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn láìdì. Bí mo bá fi ọ̀bẹ gé ìka díẹ̀, á máa ṣàn títí. Ẹ̀gbọ́n mi Kàmọ́rù ló gbé ọ̀pọ̀ nínú owó ìtọ́jú náà rù, n kò sì lè gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ló mú ẹni tó ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ wá láti Midrand, ọkùnrin ẹlẹ́sìn, oníwà tútù, tòun ti àpò rẹ̀. Wọ́n ní mo ti tẹ ohun tí kò yẹ kí n tẹ̀ ní pápá, pé wọ́n fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ burúkú náà jáde.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá sín mi ní gbẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ mi kò ní dúró. Dókítà sọ ọ́."

"Dókítà ò lè sọ ohun tí kò mọ̀. Súńnà ni. Ṣé o wá kàwé ju súńnà lọ ni?"

Ó ti rẹ̀ mí, mo sì gbẹ́kẹ̀ lé e láti kékeré. Mo rí i tí ọkùnrin náà ń nu abẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni ìyá mi jáde láti ilé ìdáná, ó sì dúró láàrin ọkùnrin náà àti àga mi.

Ó ní, "Alfa, ẹ má bínú. Kò sí ẹni tó bú súńnà níbí. Ṣùgbọ́n ẹ kó abẹ́ yín nílẹ̀."

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí wọ́n—"

"Kàmọ́rù! Èmi fi ìfẹ́ wọ́ ẹsẹ̀ yìí fún ọjọ́ mẹ́ta, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìfẹ́ sin ín. Ọwọ́ tèmi ti tó. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan án, kó kọ́kọ́ bi dókítà. Ẹ jókòó, ẹ jẹun."

Wọ́n jókòó, wọ́n jẹun. Alfa náà fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn oúnjẹ pé òun kò mọ̀ nípa oògùn náà ni, pé ká ní òun mọ̀, òun kì bá tí ṣí àpò òun.

Oṣù mẹ́fà ni mo fi lo oògùn. Mo rò pé ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí n dá a dúró, inú mi yóò dùn. Ọjọ́ náà ni ẹ̀rù bà mí jù lọ. Mo jókòó sínú tásì láti ilé ìwòsàn dé Hillbrow, mo ń rò pé kò sí ohun tó ń ṣọ́ mi mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá wà ní orí oògùn náà, ẹ mọ̀ pé ẹ̀rù yìí ń bọ̀, kì í ṣe àmì pé àìsàn ti padà. Ó máa ń dín kù. Kò tíì tán lára mi.

Bí mo ṣe wà lónìí nìyí. Ó ti lé ní ọdún kan. Mò ń mí dáadáa, mo sì ń gun àjà keje, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń dúró ní ẹ̀karùn-ún. Ẹsẹ̀ òsì kò padà sí bó ti wà. Ní ìrọ̀lẹ́ ó máa ń wú díẹ̀, wọ́n sì fún mi ní ìbọ̀sẹ̀ tó fún mọ́ra láti máa wọ̀ ọ́. N kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, ìyá mi máa ń fi téèpù wọn ẹsẹ̀ mi méjèèjì, a sì máa kọ ọ́ sí ojú ewé tèmi nínú ìwé náà. Ó máa ń mú èémí dúró títí yóò fi ka nọ́ńbà náà tán.

Ikọ̀ wa tún ti wọ ìdíje àṣekágbá. Lerato ni ọ̀gá wọn báyìí. Kóòṣì ní kí n bá wọn lọ sí Durban láti máa kọ bí eré ṣe ń lọ sílẹ̀, ó sì ti ṣèlérí pé bọ́ọ̀sì yóò dúró ní wákàtí kọ̀ọ̀kan kí n lè rìn. Mo ti béèrè lọ́wọ́ dókítà, ó ní kí n lọ. Ẹ̀rù bọ́ọ̀sì náà ń bà mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Ìyá mi rán ṣòkòtò tuntun fún mi. Mo wọ̀ ọ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù lánàá, ní ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé. Ẹsẹ̀ òsì wọlé pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó fún mi díẹ̀ lẹ́yìn ojúgun. Ìyá mi rí i, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó mú téèpù, ó wọ̀n ọ́n, ó ṣí ìwé, ó fi wé ti Jímọ̀ tó kọjá. Kò yí padà. Nígbà náà ló wá na ọwọ́ sí abẹ́.

Mo ní, "Ẹ má tú u, Mọ́mì. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá fún mi ju báyìí lọ, màá tètè mọ̀."

"Àwọn èèyàn á ní mi ò mọ aṣọ rán mọ́."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí."

Ó wo ṣòkòtò náà pẹ́, bí aránṣọ ṣe máa ń wo àléébù. Ó gbé abẹ́ náà padà sínú agolo rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi. Kò tẹ̀ ẹ́, kò wọ́ ọ. Ó kàn gbé ọwọ́ lé e ni, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún náà wá.

Ó ní, "Ó dáa. Bó bá fún ọ ju báyìí lọ ní Durban, má pè mí. Dókítà ni kó o kọ́kọ́ pè."